Òótọ́ Ọ̀rọ̀ Nípa Ọjọ́ Tí Omi Ká Wa Mọ́ Orí Yanrìn

Màámi, Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ bí mo ṣe ń kí yín yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò wa, ẹ kú òjò. Bàbá, ẹ kú ọ̀nà oko Alájùé. Wàsíù sọ fún mi pé ẹ ṣì ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láràárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la ti bẹ̀ yín títí. Màámi, ẹ kú ìsọ̀ o. Mo mọ̀ pé nígbà tí lẹ́tà yìí bá máa fi dé ọwọ́ yín, àárín ọṣẹ dúdú àti kànrìnkànrìn lẹ máa wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i níbẹ̀. Ẹ mú un délé. Kí Wàsíù àbúrò mi kà á fún yín nínú yàrá Bàbá, kí Àǹtí Sìdí ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wá ibi jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

A wà láàyè o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, kí àyà yín má baà já. Èmi wà láàyè, ọkọ mi, Bàbá Àìṣá, wà láàyè, Àìṣá wà láàyè, Rọ́fíátù ọmọ Àǹtí Sìdí náà wà láàyè. Ọ̀rọ̀ tó kù ló ṣòro fún mi láti sọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè yín ni pé irọ́ ni mo máa ń pa lórí fóònù. Màámi, bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, tí ẹ ní ṣé kò sí o, ẹnu mi á ti sọ pé kò sí kí n tó ronú. Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo ní kò sí. Lọ́jọ́ tí mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti ibi iṣẹ́ títí délé, mo ní kò sí. Nínú ìwé, kò sí ẹni tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Màá lè sọ ọ́ débi tó parí sí. Ọ̀rẹ́ Bàbá Àìṣá kan tó ń bọ̀ wálé ló bá mi mú un dání, nítorí mi ò fẹ́ kí ó gba orí fóònù ẹnikẹ́ni kọjá kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ mọ bí gúrúùpù ìdílé wa lórí fóònù ṣe rí. Ìyá wa tó wà ní Awo á fi ohùn àdúà ránṣẹ́ láràárọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ àbúrò Bàbá ní Àbújá á fi fọ́tò oúnjẹ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bímọ, bí wọ́n bá kan òrùlé tuntun, bí ìbátan wa kan bá gbàwé jáde ní Pólì, ibẹ̀ la ti máa gbọ́. Mi ò fi í ṣe ẹ̀sín rárá. Lókè òkun tí mo wà yìí, òun ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ilé iṣẹ́ tí a ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìwòsàn ni mo wà. Ẹ̀rọ ń pariwo, ooru ibẹ̀ sì ju ti ìdí ààrò lọ, bẹ́ẹ̀ bí a bá jáde síta, òtútù á gbá wa mú lọ́rùn. Obìnrin tí a jọ ń di etí aṣọ mú láti ká a, a ti jọ ń ṣe é fún ọdún méjì, mi ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, kò mọ ti ọmọ mi. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti fún wa ní ìsinmi, fóònù ni mo máa ń sáré mú, kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn mi.

Nígbà tí àsìkò oòrùn dé níbí, tí wọ́n ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa, gbogbo yín lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ibo la máa lọ, pé kí a fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn ará Àbújá ti lọ sí Dubai, fọ́tò wọn kún gúrúùpù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá wa tó wà ní Awo ní kí Mùlíkátù náà fi tirẹ̀ hàn wá o, ó pẹ́ tó ti wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀rín ni mo fi dáhùn, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Láti ọdún tí a ti débí, kò sí ibi tí a tíì lọ ju ibi iṣẹ́, ọjà àti mọ́ṣáláṣí. Rọ́fíà sì ti dé ọ̀dọ̀ wa fún hólídè. Ẹ rántí pé ìlú tó jìnnà sí wa ló ti ń kàwé, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá wa gbé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nídìí ìdáná. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an ló ń rín. Bí ó bá ń pe Àìṣá, bí ẹni pé Àǹtí Sìdí ló ń pe èmi nígbà tí mo wà ní kékeré ni.

Nígbà tí Rọ́fíà ń bọ̀ wá kàwé níbí níjọ́sí, Àǹtí Sìdí pè mí láti pápákọ̀ òfuurufú. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní Mùlíkátù, mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, ọmọ mi ni. Ohun tí mo sọ nìyẹn, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àlàmísì kan la lọ sétí òkun. Wọn ò fún Bàbá Àìṣá láyè níbi iṣẹ́, nítorí náà àwa mẹ́ta la wọ ọkọ̀ ojú irin: èmi, Àìṣá tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, àti Rọ́fíà. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, irú èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí níbí. A jẹ áísìkirímù. A ya fọ́tò kan níwájú àga gígùn kan létí ọ̀nà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rẹ́rìn-ín, Rọ́fíà wọ híjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè. Gbogbo yín lẹ rí fọ́tò yẹn. Òun nìkan ni mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí a dé etí òkun, òkun ò sí níbẹ̀. Bí òkun ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó máa ń fà sẹ́yìn títí ojú ò fi ní í rí i mọ́, á wá ku yanrìn tó tẹ́jú lọ salalu. Àìṣá bi mí pé ta ló kó omi lọ. Ní ọ̀kánkán, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí yanrìn náà, funfun, ó rẹwà lójú. Pátákó kan wà níbi tí a ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sí i. Màámi, mo rí pátákó náà. Mo ka ìlà àkọ́kọ́ tó ní ewu wà. Mo sọ lọ́kàn mi pé àwọn tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń bá wí, a ò kúkú fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Rọ́fíà ní Àǹtí Múlí, ṣé kò léwu báyìí? Mo ní ṣebí ilẹ̀ gbígbẹ ni. Mo ní ká kàn ya fọ́tò nídìí ọkọ̀ yẹn, kí àwọn ará Àbújá lè mọ̀ pé àwa náà jáde. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ náà ló fà wá lọ.

Ọkọ̀ náà jìnnà ju bó ṣe rí lójú lọ. A rìn títí, àwọn ènìyàn tó wà létí òkun di kékeré. A dé ibẹ̀, a ya fọ́tò, a tún un yà. Mo gbìyànjú láti fi í ránṣẹ́ níbẹ̀, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Bí a ṣe ṣẹ́rí padà, Rọ́fíà ní kí a gba apá ibì kan tó ń dán, kó lè ya fọ́tò òjìji wa. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ kejì tẹ ilẹ̀ láti fa àkọ́kọ́ yọ, ni èkejì náà bá wọlẹ̀. Mo ṣì ń bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí yanrìn dé orúnkún rẹ̀ ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àwa méjèèjì.

Mo fà á. Mo di apá rẹ̀ méjèèjì mú, mo fà á títí ó fi kígbe pé èjìká òun. Bí mo ṣe ń fà á, ẹsẹ̀ tèmi náà ń wọlẹ̀. Yanrìn yẹn kì í ṣe ẹrẹ̀ tí a mọ̀ nílé. Bí o bá dúró jẹ́ẹ́, á le bíi sìmẹ́ǹtì. Bí o bá mira, á gbé ọ mì sí i. Mo yọ ẹsẹ̀ mi, bàtà mi kù síbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà àwọn tó ń gbani là, fóònù ò lọ. Àìṣá ti ń sunkún, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ kékeré wa yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí omi. Mo ti rò pé òkun, bó bá ń bọ̀, iwájú ló máa gbà wá, pẹ̀lú ariwo, kí èèyàn lè sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wa ló gbà. Ó ń bọ̀ láìdún, ó fẹ́lẹ́ bí omi tí ẹnì kan dà nù sílẹ̀, ó ń kún àwọn ibi kòtò kòtò tí a là kọjá láìfiyè sí i. Ọ̀nà tí a gbà wá ti di odò.

Rọ́fíà wo omi náà, ó wo mí. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ní Àǹtí Múlí, ẹ gbé Àìṣá lọ. Mo ní rárá. Ó ní ẹ ò lè fà mí yọ, ẹ sì rí i, ẹ gbé e lọ, kí ẹ lọ pe èèyàn wá. Mo ní mi ò lè fi ọ́ sílẹ̀. Ó wá pariwo mọ́ mi, ọmọ tí kò pariwo mọ́ àgbàlagbà rí láyé rẹ̀. Ó ní ṣé ẹ fẹ́ kí Àìṣá náà kú ni?

Mo tú ìborùn mi, mo pọn Àìṣá, ọmọ ọdún méje, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn mi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni. Mo sì lọ.

Àǹtí Sìdí, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo fi ọmọ yín sílẹ̀ nínú yanrìn, yanrìn ti dé itan rẹ̀, omi ń bọ̀, mo sì gbé ọmọ tèmi lọ. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé bí mo bá bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ mi ò ní lọ mọ́. Nígbà tí mo dé ibi odò yẹn, omi mù mí dé ìbàdí, ó tutù débi pé èémí mi dúró. Mo ń ka kálímà, Àìṣá ń kà á sí mi létí. Láàárín omi yẹn ni mo rántí ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́nà láti oko Alájùé, tí odò kékeré yẹn kún, tí ẹ ju ẹrù ẹ̀gẹ́ nù kí ẹ tó pọ̀n mí kọjá. Mo rántí rẹ̀ kedere. Mo sì ń bá ìrìn lọ.

Ohun tó burú jù tí mo ní láti sọ nìyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ líle, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni Alhamdulillah. Inú mi dùn. Ọmọ mi yè, inú mi dùn, àní fún bí èèyàn ṣe lè mí lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, mi ò rántí pé ẹnì kan ṣì wà lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ èémí méjì mẹ́ta yẹn.

Obìnrin arúgbó kan tó mú ajá rẹ̀ rìn ti rí wa láti òkè. Òun ló ti pe àwọn tó ń gbani là kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo tú Àìṣá sílẹ̀, mo gbé e fún un, mo yí padà láti wọnú omi. Arúgbó náà gbá aṣọ mi mú lẹ́yìn. Mo bá a jà. Ó sọ pé bí mo bá padà, àwọn tó ń bọ̀ á ní ẹni méjì láti wá dípò ẹnì kan. Mo dúró síbẹ̀, mo ń pariwo orúkọ Rọ́fíà títí ohùn mi fi lọ. Ohun tí mo ń rí kò ju àwọ̀ ìyeyè kan lọ lójú omi. Ó rí bí òdòdó tí ẹnì kan sọ nù. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mo bá ṣẹ́jú, á ti lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ibí yìí, mo kọ ọ́ pé omi mù ún dé àyà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Rọ́fíà ti ka lẹ́tà yìí. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fagi lé àyà, ó kọ ọrùn.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló wá nínú ọkọ̀ kan tó ń sáré lórí ẹrẹ̀ àti lórí omi bákan náà. Wọ́n ki páìpù bọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ omi, wọ́n ń fẹ́ omi sí i kí yanrìn náà lè tú. Ọ̀kan nínú wọn ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé e dé èbúté, wọ́n ti fi aṣọ kan tó ń dán bíi fàdákà wé e, ètè rẹ̀ ti dúdú, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Mo wólẹ̀ síwájú rẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé Àìṣá ńkọ́?

Ilé ìwòsàn la sùn mọ́jú. Aṣọ ibùsùn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tí mò ń fọ̀ ni, mo mọ okùn pupa etí rẹ̀. Bàbá Àìṣá dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Wọ́n jókòó síbi ẹsẹ̀ Rọ́fíà, wọ́n ń fi ọwọ́ wọn méjèèjì ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè móoru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní a gbọ́dọ̀ pe ilé. Rọ́fíà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ tó sunkún nìyẹn. Ó ní ìyá òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a jọ̀ọ́, kí a má sọ. Ó ní wọn ò ní jẹ́ kí òun dúró kàwé mọ́. Ojú Bàbá Àìṣá wà lára mi. Ẹ̀bẹ̀ ọmọ náà ni mo rọ̀ mọ́, mo ní ká gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀rù ń bà. Ara mi ni mo ń dáàbò bò.

Mo wá fi fọ́tò orí àga yẹn ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Ẹ rántí ohun tí ẹ kọ sí i. Màámi, ẹ ní kí Wàsíù bá yín kọ ọ́ pé ayọ̀ wa ò ní í dàbànújẹ́. Ìyá wa tó wà ní Awo ṣàdúà gígùn. Àwọn ará Àbújá ní Àǹtí Múlí ń gbádùn. Mo ń kà á nínú ilé ìwẹ̀ níbi iṣẹ́.

Láti ìgbà náà, mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rù máa kúrò lára mi. Bí mo bá ń da omi sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, tí mo rí bó ṣe ń ga sókè lára gíláàsì láìdún, màá ní láti yíjú sẹ́yìn. Àìṣá ò wọ báàfù mọ́. Inú abọ́ la ń bu omi sí fún un, òun náà ló ń fi igbá bu ú sára bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ òun ló há, ṣé Rọ́fíà ni ǹ bá gbé lọ. Rọ́fíà ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní ara òun le. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó ń fi èékánná tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì láti mọ̀ bóyá ìka náà ti ń mọ nǹkan lára. Dókítà ní á padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn kan tó wà létí òkun ti fi fóònù wọn ya gbogbo rẹ̀, wọ́n gbé e síta fún aráyé. Ọ̀dọ́kùnrin ará Ẹdẹ kan tó ń gbé ìlú yìí rí i, ó dá híjáàbù yẹn mọ̀ nítorí ó ti rí wa ní mọ́ṣáláṣí. Kí ó tó dé etí yín, ó ti di pé Mùlíkátù mú ọmọ Sìdíkátù rì sómi. Wàsíù sọ fún mi pé ìsọ̀ ni wọ́n ti bá yín, Màámi, àti pé Bàbá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà nílé wa, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà oko. Ẹ dárí jì mí. Bí mo bá ti sọ òótọ́ níjọ́ àkọ́kọ́, ẹ kì bá tí gbọ́ èyí tó ju òótọ́ lọ.

Àǹtí Sìdí pè mí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń mí gúlegúle. Wọ́n ní ọmọ mi dà? Mo gbé fóònù fún Rọ́fíà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Nígbà tí wọ́n tún bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Màámi, àyè ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀, mi ò lò ó. Mo ní kò sí nǹkan kan, omi kàn bà wá láṣọ jẹ́ díẹ̀ ni, àwọn òyìnbó ló fẹ́ràn kí wọ́n sọ nǹkan di ńlá. Àǹtí Sìdí mí kanlẹ̀. Wọ́n ní Mùlíkátù, o ṣé o, o ṣé tí o bá mi tọ́jú ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn ni mi ò lè gbé mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n fi ẹ̀gúsí àti irú gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní ti ìmoore ni. Mo gbé e sínú àpótí, mi ò lè sè é. Mo sọ fún Rọ́fíà pé màá kọ ọ́ sílé. Ó bẹ̀ mí kí n má ṣe é, ó ní òun ló ní kí n lọ, pé ohun tí òun fẹ́ náà ni mo ṣe. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ni òun, ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ fà á lé, òun kọ́ ló yẹ kó máa wá àwáwí fún mi. Nígbà tó wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀ kan ló gba ìwé náà, ó kà á, ó fagi lé ibi tí mo ti sọ fún yín.

Wàsíù, ìwọ lo sọ fún mi pé ìwé ìròyìn Yorùbá kan máa ń gba lẹ́tà àwa tí a wà lókè òkun. Mo ronú nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ agboolé ní Ẹdẹ ló ní ọmọ níbí, ọ̀pọ̀ wọn ló máa lọ sétí òkun bí oòrùn bá tún mú, wọ́n máa rí pátákó, wọ́n á rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ó wù mí kí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, bí o bá ti kà á tán, fi ìwé náà lé Àǹtí Sìdí lọ́wọ́, kí gbogbo yín sì jáde fún wọn nínú yàrá. Bí wọ́n bá fà á ya, kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n léèrè. Bí wọ́n bá ní kó lọ, mú un lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn náà. Mi ò ní pè láti béèrè. Bí mo bá rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, màá mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n sì gbà kí ayé gbọ́ ọ.

Bàbá mi, Màámi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn ibi nípa yín, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ tiwa. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò Bàbá, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí ìyá wa tó wà ní Awo, ẹ ní àdúà wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa láràárọ̀. Bàbá Àìṣá dọ̀bálẹ̀ kí yín. Àìṣá ní kí n kí ìyá àgbà òun.

Àǹtí Sìdí, kíkí kan wà tó yẹ kí n kí yín lọ́jọ́ náà lórí fóònù, tí mo fi irọ́ dípò rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ kú ewu ọmọ o.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùlíkátù